Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Bàbá Mi ní Odò-Ọwá

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìlọrin lọ sí Odò-Ọwá nígbà ọyẹ́ yóò mọ̀ pé eruku ni onílé, èèyàn ni àlejò. Láti Ìlọrin, a ó gba Àjàṣẹ́-Ìpo, a ó gba Òrò, a ó sì dé Òmù-Àrán kí a tó kọrí sí ìhà Òkè-Ẹ̀rọ̀. Ọ̀dà wà lójú títì, ṣùgbọ́n yangí pupa ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ibi tí ihò bá sì ti pọ̀ jù, orí yangí yẹn náà ni ọkọ̀ ń yà sí. Bí ọkọ̀ kan bá kọjá níwájú ẹni, ìkùukùu pupa ni yóò fi sílẹ̀ lẹ́yìn. Àwọn igi mángòrò etí ọ̀nà á dà bí ẹni pé wọ́n fi osùn kùn wọ́n. Òkè olókùúta á yọ lókèèrè, ọyẹ́ á sì tún gbé e mì.

Ọ̀nà yìí ni mo gbà ní ọjọ́ Ẹtì kan ní ìparí oṣù Kejìlá, nínú ọkọ̀ Mercedes-Benz àtijọ́ tí bàbá mi fà lé mi lọ́wọ́ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e ni wọn yóò ṣe ìdúpẹ́ ọgọ́rin ọdún rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí mo bi í lórí fóònù pé kí ni ó fẹ́, kò béèrè aṣọ, kò sì béèrè owó. Ó ní kí n gbé ọkọ̀ náà wá, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dán. Mo ní kò sí ìṣòro. Síbẹ̀, bí mo ti ń wakọ̀ lọ ni àyà mi ń já, nítorí mo mọ ohun tí mo ti fi ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà ṣe ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹsẹ̀ tó jẹ́. Láàárín ọdún 1976 sí 1986 ni wọ́n ṣe irú ọkọ̀ yìí ní Jámánì; ti ọdún 1984 ni tiwa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní ríìmù irin lásán tí wọ́n fi wíìlì kọ́fà bò. Ṣùgbọ́n ríìmù alumíníọ́mù ló wà lẹ́sẹ̀ tiwa, èyí tí ilé-iṣẹ́ Fuchs ní ìlú Meinerzhagen rọ fún Mercedes. Mo ní wọ́n rọ ọ́, nítorí ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣe ríìmù tí à ń pè ní àlọ́ì. Wọ́n lè yọ́ alumíníọ́mù kí wọ́n sì dà á sínú ohun tí yóò fún un ní ìrísí, gẹ́gẹ́ bí àwọn oníkòkò Ṣakí ti ń da ìkòkò ọbẹ̀. Wọ́n sì lè fi ẹ̀rọ alágbára tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n rọ ọ́ bí alágbẹ̀dẹ ti ń rọ ọkọ́. Èyí tí wọ́n rọ ló máa ń le jù.

Nígbà tí ríìmù náà jáde láti ilé-iṣẹ́, ọ̀dà tí kò láwọ̀ wà lójú rẹ̀, èyí tí àwọn akunkọ̀ ń pè ní kílíà. Oòrùn ilẹ̀ wa jẹ kílíà náà títí ó fi ń bó bí awọ ejò. Bàbá mi ha ìyókù rẹ̀ dànù, ó fi ara alumíníọ́mù náà sílẹ̀ ní ìhòòhò, ó sì ń nù ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ó fi ń dán bí dígí. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méjìlá, mo lè ka eyín mi nínú rẹ̀.

Irin tí à ń sọ yìí ti rí ayé. Nígbà tí wọ́n parí òpó ìrántí Washington ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1884, alumíníọ́mù ni wọ́n fi ṣe ṣóńṣó orí rẹ̀, nítorí irin ọ̀wọ́n ni nígbà náà. Ní ọdún 1886, Charles Hall ní Amẹ́ríkà àti Paul Héroult ní Faransé, láìmọ ara wọn, rí ọ̀nà tí iná mànàmáná fi lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó so mọ́. Láti ìgbà náà ni ó ti di ohun tí tálákà fi ń se ẹ̀wà. Ní ọdún 1924, ilé-iṣẹ́ Bugatti gbé ọkọ̀ eré ìje rẹ̀ tí ń jẹ́ Type 35 wá sí ìlú Lyon pẹ̀lú ẹsẹ̀ alumíníọ́mù, ayé sì ti ń wo ẹsẹ̀ ọkọ̀ láti ìgbà yẹn. Ibo ni wọ́n ti ń wà á? Nínú ilẹ̀ tó jọ yangí ọ̀nà Odò-Ọwá ni. Báúsáìtì ni wọ́n ń pè é; ojú ọ̀pọ̀ rẹ̀ pupa, ilẹ̀ Gínì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa níbí ló sì ní èyí tó pọ̀ jù lọ lágbàáyé. Eruku tí ń ba ẹsẹ̀ ọkọ̀ jẹ́ àti ẹsẹ̀ ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ìbátan ni wọ́n.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn, mi ò rántí ìbátan kankan. Iṣẹ́ ti há mi mọ́ ọ́fíìsì fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti nu ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà kẹ́yìn. Ó ti ṣú, ó sì ti pọ́n. Mo yà sí ibi ìfọkọ̀ kan ní Ìlọrin, mo sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà níbẹ̀ pé kí ó bá mi mú ẹsẹ̀ rẹ̀ dán kíákíá. Ó gbé jẹ́ríkànì kékeré kan jáde, ó bu ohun inú rẹ̀ sínú omi, ó sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì rà á mọ́ ọn. Ó hó ṣìì. Eruku bíréèkì ṣàn lọ bí omi aró. Kí a tó wí, kí a tó fọ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti funfun. Inú mi dùn, mo sanwó, mo tilẹ̀ fi ọrẹ kún un. Ìgbà tí omi gbẹ lára rẹ̀ ni mo tó rí i pé ó funfun lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dán. Ó rí fúú bí ẹsẹ̀ tí ọyẹ́ ti gbẹ, tí a kò fi òrí pa. Ilà sì wà lójú rẹ̀ níbi tí omi jẹ́ríkànì náà ti ṣàn sílẹ̀.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí mo wọ Odò-Ọwá. Àwọn ọmọ ìlú ti ń wálé ọdún. Ọkọ̀ tó ti Èkó dé àti èyí tó ti Àbújá dé wà lójúde gbogbo, eruku kan náà sì bo gbogbo wọn. Èéfín oúnjẹ alẹ́ ń rú láti ẹ̀yìnkùlé. Àwọn ọmọdé ń pè mí lórúkọ bàbá mi, nítorí wọ́n mọ ọkọ̀ náà jù mí lọ.

Ojú bàbá mi kò ríran dáadáa mọ́. Glọkómà ni dókítà pe àrùn náà. Iṣan tí ń gbé ìríran láti ojú lọ sí ọpọlọ ló ń pa díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ni ó sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ní i kì í sì í tètè mọ̀, ohun tó bá sì ti gbà lọ kì í dá a padà. Ìdí nìyẹn tí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ fi dé ọwọ́ mi. Ó gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì, ó dìde lórí àga, ó ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà. Mo dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ kú ilé, bàbá.”

“Kú abọ̀, ọmọ mi. Ọ̀nà ńkọ́?”

“A dúpẹ́, bàbá.”

Ọwọ́ rẹ̀ kan èjìká mi, ó kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀. Ó lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ iwájú lọ́wọ́ òsì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rà á bí ẹni tó ń fọwọ́ kan ojú ọmọdé. Ó dákẹ́. Ó fi èékánná kan họ ọ́ díẹ̀. Mo ti to irọ́ mẹ́ta sílẹ̀: eruku ọ̀nà, ọyẹ́, àti ogbó. Kò tilẹ̀ béèrè èyí tí mo fẹ́ fi dáhùn.

“Kí ni wọ́n fi fọ̀ ọ́?”

“Mi ò mọ̀, bàbá. Ohun kan tó wà nínú jẹ́ríkànì ni.”

“Ta ló fọ̀ ọ́?”

“Ọmọkùnrin kan ni, ní ibi ìfọkọ̀.”

“Ṣé ó wọ ìbọ̀wọ́?”

Mo gbìyànjú láti rántí ọwọ́ ọmọ náà. Mo rántí jẹ́ríkànì, mo rántí ìfófòó, mo rántí iye tí mo san. Mi ò rántí ọwọ́ rẹ̀.

“Mi ò wò ó, bàbá.”

“Hùn-ún,” ni ó wí. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ wá ọ̀nà wọlé.

Ó yẹ kí n sọ fún yín pé dírẹ́bà ni bàbá mi. Ọgbọ̀n ọdún ni ó fi wa àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ìjọba kan ní Ìlọrin. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni yóò ti lóṣòó ti ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, tí yóò máa fi àkísà nù ún. Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rí i bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ kan, mo sì ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, ó ra Mercedes yìí níbi tí wọ́n ti ń lu ọkọ̀ àlòkù ní gbànjo. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ ni àkọ́kọ́ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ nù fún ara rẹ̀. Ó mọ̀ pé mo ṣe bí ẹni tí kò mọ òun lọ́jọ́ yẹn. Kò sọ ọ́ rí.

Ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta, kí oòrùn tó là, ó ti jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi mángòrò. Ó ní kí n gbé ọkọ̀ náà wá síbẹ̀. Òfin àkọ́kọ́ nìyẹn: a kì í fọ ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó gbóná, a kì í sì í fọ̀ ọ́ nínú oòrùn. Ooru máa ń mú kí ọṣẹ gbẹ mọ́ irin lára, kí ó sì fi àbàwọ́n sílẹ̀.

Òfin kejì ni pé omi ló ń ṣáájú, àkísà kò gbọdọ̀ ṣáájú. Iyanrìn wà nínú eruku ọ̀nà wa, iyanrìn sì le ju alumíníọ́mù lọ. Ẹni tó bá fi àkísà gbígbẹ nu eruku kúrò lára ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó ń dán, sáńpépà ni ó fi ń nù ún. Mo da korobá omi mẹ́ta sí ẹsẹ̀ kan kí ó tó ní ó tó. Lẹ́yìn náà ni a lo ọṣẹ olómi tí kò le, èyí tí ènìyàn lè fi fọ ọwọ́, pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tó rọ̀. Ó ní korobá ẹsẹ̀ ọkọ̀ kò gbọdọ̀ bá ti ara ọkọ̀ pọ̀, àti pé ẹsẹ̀ ni kí n máa kọ́kọ́ fọ̀, kí ìdọ̀tí rẹ̀ má baà ta sára ibi tí mo ti fọ̀ mọ́.

Ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì ni ìdọ̀tí dúdú pọ̀ sí jù. Iwájú ni bíréèkì ti ń ṣiṣẹ́ jù, nítorí pé bí ọkọ̀ bá fẹ́ dúró, gbogbo ìwúwo rẹ̀ á tẹ̀ síwájú. Bí pádì ti ń há àwo irin bíréèkì, ó ń gé e ní ẹ̀kúnná tó gbóná. Ẹ̀kúnná yẹn ló ń lẹ̀ mọ́ ríìmù. Bí omi bá kàn án, ó dógùn-ún síbẹ̀, tí a bá sì fi í sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta bí èmi ti ṣe, ó di ohun tí ọṣẹ nìkan kò lè mú kúrò mọ́.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ń fọ ìkòkò àsè ní ẹ̀gbẹ́ wa. Kànìnkàn, ọṣẹ dúdú àti eérú ni ó fi ń fọ̀ wọ́n, wọ́n sì ń tàn yinrin. Ó ní, “Ẹ bu eérú sí i, kí ẹ yé jìyà.” Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, ìkòkò ni tiyín.” Ó wá ṣàlàyé fún mi. Kété tí afẹ́fẹ́ bá ti kan alumíníọ́mù, awọ fẹ́lẹ́ kan máa ń hù sí i lára, tí ojú kò lè rí. Awọ yẹn ló ń dáàbò bò ó, tí kì í fi í jẹrà bí irin dúdú. Ṣùgbọ́n ohun méjì ló lè jẹ awọ náà: ásíìdì láti apá kan, àti omi eérú láti apá kejì. Eérú ni wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú. Lára ìkòkò, tí kì í ṣe dígí, ojú tó ha díẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni lára. Lára ohun tí a ti dán títí ó fi ń gba àwòrán, ojú yóò ṣú. Ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń fọ ide náà kò yẹ ẹ́, nítorí kíkan rẹ̀ ásíìdì ni.

Mo bi í pé báwo ni ènìyàn ṣe máa mọ̀ bóyá kílíà wà lójú ríìmù tirẹ̀. Ó ní kí n ti pọ́líìṣì irin díẹ̀ bọ àkísà funfun, kí n fi ra ibi kọ́lọ́fín kan. Bí àkísà bá dúdú, ìhòòhò irin ni. Bí kò bá dúdú, kílíà wà níbẹ̀, ọṣẹ àti wáásì nìkan ni ó ń fẹ́. Ẹni tó bá ń fi pọ́líìṣì irin ha á, ààbò rẹ̀ ni ó ń ha dànù. Àkísà tiwa dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ohun tí ásíìdì ti jẹ, pọ́líìṣì nìkan kò lè tún un ṣe. Sáńpépà la nílò. Mo ti rà á ní Òmù-Àrán lójú ọ̀nà, nítorí ọkàn mi ti sọ fún mi: 600, 800, 1000, 1500 àti 2000. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ó ń kúnná sí i. Inú omi ni a ń rì í kí a tó lò ó. Bí a bá fi 600 ha lọ sí ọ̀tún, a ó fi 800 ha lọ sókè, kí a lè mọ ìgbà tí ilà àkọ́kọ́ ti parẹ́ tán. Ẹni tó bá fo ìpele kan, ilà tó fò yóò dúró dè é nígbà tó bá rò pé òun ti parí.

Bàbá mi ní kì í ṣe ọgbọ́n òyìnbó nìkan nìyí. Ní Kàjọlà, tí kò jìnnà sí wa, ni wọ́n bí Bámigbóyè, àgbà agbẹ́gilére tí ọ̀pọ̀ ìwé ń pè ní ará Odò-Ọwá. Ní nǹkan bí ọdún 1885 ni wọ́n bí i, ó sì kú ní ọdún 1975. Àwọn ère Ẹ̀pà tó gbẹ́ wà káàkiri ayé; ní ọdún 2022, ilé àkójọ iṣẹ́-ọnà ti Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ṣe àfihàn ńlá lórí iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn agbẹ́gilére ilẹ̀ wa mọ̀ pé ọ̀bẹ nìkan kò lè dán igi. Bí ọ̀bẹ bá ti ṣe tirẹ̀ tán, ewé ìpín ni wọ́n ń mú, ewé tí ojú rẹ̀ há bí ahọ́n ológbò, wọn á fi máa ra igi náà títí yóò fi jọ̀lọ̀. Igi ìpín kan wà lẹ́yìn ilé wa. Ó ní kí n já ewé kan wá kí n fọwọ́ kàn án. Ó ní kò dára fún ríìmù o, ṣùgbọ́n kí ọwọ́ mi mọ ibi tí sáńpépà ti wá.

Bí mo ti ń ha á, òun náà ń fi ìka tẹ̀lé mi, ó ń sọ ibi tí mo fò. “Níbí ṣì há.” “Padà sẹ́yìn.” Ojú rẹ̀ kò ríran, èmi tí mo ríran kò sì rí ohun tí ó ń rí. Ìgbà náà ni mo tún wo ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, tí kò ní èékánná. Láti kékeré ni mo ti mọ ìka náà. Bí a bá bi í, yóò ní, “Iṣẹ́ ló jẹ ẹ́.” Mo tún bi í.

Ó ní, “Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ni. Ọ̀gá mi fẹ́ lọ sí òde ńlá, mo sì fẹ́ kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ dán kíákíá. Mo bu ásíìdì bátìrì sí omi, mo fọwọ́ lásán fọ̀ ọ́. Ríìmù náà dán fún ọjọ́ kan. Èékánná mi kò padà.”

Mi ò lè fèsì. Ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ọjà. Ó ní èyí tí wọ́n ń lò lóde òní tún burú ju ti bátìrì lọ. Mo ti ka díẹ̀ nípa rẹ̀ lórí fóònù mi lóru ọjọ́ tó ṣáájú, nígbà tí oorun kò kùn mí. Òótọ́ ni. Lára àwọn ohun ìfọ-ríìmù alágbára, òmíràn wà tó ní hydrofluoric acid nínú. Ásíìdì yìí lè wọ inú ẹran ara láìtètè dun ènìyàn. Ìrora lè má dé àfi lẹ́yìn wákàtí púpọ̀, nígbà tí ó ti ń jẹ kálísíọ́mù inú ara, tó sì ń wá egungun lọ. Bí ó bá kan ènìyàn, kí ó yára fi omi púpọ̀ ṣàn án, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ó mú ike rẹ̀ dání kí dókítà lè mọ ohun tó jẹ́. Gẹ́ẹ̀lì calcium gluconate wà tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀. Kí a má dúró de ìrora.

Lẹ́yìn 2000 ni pọ́líìṣì tó dé. Díẹ̀ ni à ń bù, ibi kékeré ni à ń rà. Omi dúdú á jáde. Alumíníọ́mù tí a ń họ ni. A ó nù ún kí ó tó gbẹ, a ó pààrọ̀ àkísà, a ó tún bù ú, títí dúdú náà yóò fi dínkù. Ní ọjọ́rọ̀, mo ṣàdédé rí igi mángòrò nínú ríìmù, pẹ̀lú ewé rẹ̀ àti ojú bàbá mi lábẹ́ rẹ̀. Mo sọ fún un. Ó ní, “Ṣé mo ti hewú tán níbẹ̀?” A fi wáásì parí rẹ̀, kí omi àti eruku má baà tètè rí ìdí jókòó.

Ẹsẹ̀ méjì péré ni ilẹ̀ fi ṣú, ti ọwọ́ òsì iwájú àti ẹ̀yìn. Ọwọ́ mi ti wú. Ohun tí ọmọkùnrin yẹn fi ìṣẹ́jú díẹ̀ bàjẹ́ nítorí ìkánjú mi, odidi ọjọ́ kan kò tó láti tún ìdajì rẹ̀ ṣe. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Mo ti ń gbọ́ òwe náà láti kékeré. Apá mi ni kò tíì gbọ́ ọ.

Ní ọjọ́ Àìkú, mo gbé ọkọ̀ náà dúró ní ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ òsì sí ẹnu ọ̀nà. Àwọn ènìyàn ń jáde, wọ́n ń yìn ín. Àgbàlagbà kan bẹ̀rẹ̀, ó tún gèlè ìyàwó rẹ̀ wò nínú ríìmù náà, gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín. Bàbá mi fi ọ̀pá kàn mí lẹ́sẹ̀, ó sọ jẹ́jẹ́ pé, “Má jẹ́ kí wọ́n yí i ká o.” Nígbà tí wọ́n ní kí ó sọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ará ìlú. Ó wá ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ òun tó lóṣòó ti òun láti òwúrọ̀ di alẹ́. Kò sọ ìdí tí mo fi lóṣòó. Mo tẹ orí mi ba.

Mo fi ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun parí ẹsẹ̀ méjì tó kù. Kí n tó lọ, ó fi àtẹ́lẹwọ́ yẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò, ó sì sọ èyí tí yóò máa pa á mọ́ fún mi, tí ẹ̀yin náà lè lò. Omi àti ọṣẹ rírọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí eruku bíréèkì má rí àyè dógùn-ún. Aṣọ rírọ̀ láti fi gbẹ omi, kí ó má gbẹ fúnra rẹ̀. Wáásì lóṣooṣù. Pọ́líìṣì kìkì ìgbà tí ó bá ṣú, nítorí pé gbogbo ìgbà tí a bá pọ́líìṣì ni a ń họ díẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Kí n má fi kànìnkàn irin kàn án láé. Ẹni tó ń gbé etí òkun, bí àwọn ará Èkó, kí ó tún tètè máa fọ̀ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí iyọ̀ inú afẹ́fẹ́.

Ní ọjọ́rú, mo padà sí ibi ìfọkọ̀ yẹn ní Ìlọrin. Ọmọkùnrin náà mọ̀ mí, ó ń bọ̀ pẹ̀lú jẹ́ríkànì rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò. Ṣóńṣó ìka rẹ̀ funfun, ó sì ń bó. Mo kí i, mo béèrè bóyá ó máa ń dùn ún. Ó ní lóru ni, bí ìgbà tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún un, òun sì rò pé òtútù ọyẹ́ ni. Mo sọ ohun tí mo mọ̀ fún un. A jọ ka ohun tí wọ́n kọ sára jẹ́ríkànì náà, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì kà fún un. Mo fún un ní ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó nípọn, méjì méjì lọ́nà mẹ́ta, mo sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó wà ní òpópónà kejì kí wọ́n yẹ ọwọ́ náà wò.

Nígbà tí a padà dé, ó wo ẹsẹ̀ ọkọ̀ mi, ó súfèé. “Ẹ̀gbọ́n, ta ló bá yín ṣe èyí?”

Mo ní èmi ni. Mo ní kí ó bá mi fọ ara ọkọ̀, ṣùgbọ́n kí ó fi ẹsẹ̀ sílẹ̀. Mo bu omi, mo ká apá aṣọ mi sókè, mo sì lóṣòó tì í níbẹ̀, níwájú gbogbo ẹni tó ń kọjá.